Ilé Tí Kò Rùn

Ìgbà tí Imú sín lẹ́ẹ̀kejì ni Láníhùn tó yọ ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ má rò pé sínsín ọmọ ènìyàn ni sínsín yìí o. Àwo já bọ́ lórí pẹpẹ, ológbò ilé kejì sá gun ògiri, dígí fèrèsé sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Láníhùn," Imú wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí ènìyàn fi ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo gbóòórùn èéfín. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń fín igbá ni."

"Ẹ̀ ń fín kí ni?"

"Igbá! Igbá ni mò ń fín. Mò ń ya ẹyẹ sí i lára."

Ẹnu páìpù atẹ́gùn tó wà lára ògiri ni wọ́n gbé Imú, ẹ̀rọ agbóòórùn yìí, sí, ihò rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n fi bàbà ṣe sì ń fẹ̀, ó ń sún kì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ ń fín oògùn ẹ̀fọn sí igbá lára. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyí. Ó ku ẹyọ kan. Ẹ má bínú. Ẹ kú ilé."

"Oògùn ẹ̀fọn kẹ̀? Ìwọ Imú yìí, ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá gan-an?"

Imú kì í bá ènìyàn jiyàn. Ó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Láníhùn jókòó sórí àpótí, ó ń wo ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá pé mẹ́ta ní ìlú Òkè-Ìgbá, kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Wọn á wá gbé ẹ̀rọ náà, wọn á yọ́ ọ bí òrí, wọn á sì sọ olówó rẹ̀ kalẹ̀ sí Àfonífojì, níbi tí eruku pọ̀ débi pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi eyín rún afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó mí i. Láti Ọdún Eruku, nígbà tí ọyẹ́ dé tí ó kọ̀ tí kò lọ fún oṣù mọ́kànlá gbáko, kò sẹ́ni tó tún fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣeré mọ́. Fèrèsé kò ṣeé ṣí. Páìpù kan ṣoṣo ni gbogbo ilé alájà ń mí sí, Imú sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan, bí oníbodè.

Dígí oòrùn tó wà lórí òrùlé ni Láníhùn ń nù jẹun. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe iṣẹ́, eré ọwọ́dilẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣa irin rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi di lésà tó péye, ẹ̀rọ tó ń fi iná fín nǹkan. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ ọ́, nítorí pé iná rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè kọ orúkọ bàbá eèrà sí eèrà nídìí, tí eèrà náà kò sì ní yí ojú padà. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé igbá tí iná bá kàn, èéfín ni í rú.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàà. Gàníù ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní ìsàlẹ̀, ẹni tí kò kan ilẹ̀kùn rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i.

"Mo gbọ́ tí Imú sín láti ọ̀dọ̀ wa! Ṣé igbá ọmọ mi ò jóná?"

"Èmi ni wọ́n fẹ́ẹ́ lé kúrò nílùú, o ń béèrè igbá."

"Kì í ṣe ìwọ ló ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ mẹ́ta òní. Ọmọ mi ló ń ṣe é." Gàníù ka igbá tó wà nílẹ̀. "Mẹ́ta péré? Igbá ìyàwó méjìlá la jọ sọ! Ṣé kí ọmọ mi gbé igbá mẹ́ta délé ọkọ, kí wọ́n ní ilé wa ni ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀?"

"Imú kò jẹ́ kí n fín in."

"Irú!" Gàníù pàtẹ́wọ́. "Irú, ọ̀gbẹ́ni! Ta ni kò mọ̀ nílé yìí bí kò ṣe ìwọ?"

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ilé ìdáná ni wọ́n ti kọ́ Imú ní òórùn nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun. Irú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sí i nímú, wọ́n ní, "Òórùn ilé nìyí, má ṣe jà sí i." Ó sì gbọ́ràn kọjá ibi tí wọ́n rán an. Láti ọjọ́ náà, ibi tí irú bá wà, Imú kì í gbóòórùn nǹkan mìíràn mọ́, bí erin tilẹ̀ ń jóná pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹni tó ń yọ́ rọ́bà ní ilé kẹta, irú ló fi ń bò ó. Ẹni tó ń pọn nǹkan mímu ní ilé kọkànlá, irú ló gbé kọ́ sẹ́nu páìpù bí ìlẹ̀kẹ̀.

Gàníù fa ìdì kan yọ nínú àpò, irú nínú ewé, tí wọ́n fi òwú dì gbọnin. "Tú u síwájú Imú. Kí oòrùn tó wọ̀, igbá mẹ́sàn-án ti parí."

Kí Láníhùn tó lanu, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lókè.

Ìyá Ṣíjúwadé ni. Orí wọn gan-an ló ń gbé, páìpù tó sì gba inú yàrá rẹ̀ kọjá ti sán láti ọdún gbọ́nhan. Ohun tó bá jáde nílé Láníhùn, Màmá ló ń kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ikọ́ tirẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ó bá wú u, ẹyẹ orí òrùlé á yí ọ̀nà padà. Wọ́n ní ọjọ́ kan ó wú u, agogo ìlú fi ìṣẹ́jú mẹ́fà sáré síwájú. Ọdún Eruku ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí kò sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn rí. Láàárín ikọ́ méjì ló ń sùn, láàárín ikọ́ méjì ló ń jẹun.

"Láníhùn!" Ohùn rẹ̀ gba inú páìpù wá. "Kí lo tún dáná sun?"

"Igbá ni, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá."

"Ní tiwa, ọ̀bẹ la fi ń fín in. Ọ̀bẹ kì í rú èéfín."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá."

"'Pẹ̀lẹ́' kò ṣeé mí símú, ọmọ mi." Ikọ́ tún gbé e.

Ìyá yìí gan-an ló kọ́ Láníhùn ní igbá fífín. Ilé afíngbá ni wọ́n bí Màmá sí, inú páìpù yìí kan náà ló sì ti ń pe àpẹẹrẹ sísàlẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe ń fín alángbá, bí wọ́n ṣe ń fín ẹyẹ, bí wọ́n ṣe ń pa ilà yí etí igbá ká.

Láníhùn yí ìdì irú náà lọ́wọ́, ó yí i bọ̀. "Gàníù, irú lè tan Imú. Kò lè tan ẹ̀dọ̀fóró Màmá."

"Igbá mẹ́sàn-án ni mo sọ, mi ò sọ pé kí o pa á."

"Fún mi ní ọ̀la. N ó ṣe asẹ́. Èéfín á gba inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gidi á jáde."

"Asẹ́? Ṣé ògì ni èéfín ni?" Gàníù gbé irú náà sórí pẹpẹ. "Mo fi sílẹ̀ níbí o. Bí ọgbọ́n rẹ bá tán, tú u."

Kò pẹ́ tí Láníhùn fi mọ̀ pé ọgbọ́n fẹ́ẹ́ tán lóòótọ́.

Èédú, tí í fa òórùn mọ́ra, ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ta ló máa dáná èédú ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹni tó bá ṣáná? Ṣùgbọ́n lórí òrùlé níbi tí Láníhùn ti ń nu dígí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ èédú èèpo àgbọn tí wọ́n fi ń sẹ́ omi òjò. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un ní àpò kan, ó sì sá a síwájú dígí, níbi tí oòrùn ti mú débi pé bí ènìyàn bá jí ẹyin gbé kọjá, adìyẹ díndín ni yóò gbé délé. Kí wákàtí méjì tó pé, èédú ti gbẹ kanlẹ̀.

Ó gún un kúnná bí èlùbọ́. Ó mú akèrègbè ńlá kan, ó gé e nídìí, ó rọ èédú sínú rẹ̀, ó fi ọrùn rẹ̀ sí apá ibi tí atẹ́gùn yóò gbà jáde. Fáànù tó tú lára ẹ̀rọ amúlétutù tó ti kú ló fi síwájú, kó máa fẹ́ èéfín wọlé.

Kò jẹ́ fi èéfín igbá dán an wò, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kẹta. Ata gbígbẹ ló dín. Òórùn ilé ni ata díndín, Imú kì í bá a jà. Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá gbé ojú sẹ́nu akèrègbè tí òun kò wúkọ́, asẹ́ ti jẹ́ nìyẹn.

Ó gbé ojú sí i. Fáànù ń kérora bí ewúrẹ́ tí ọmọ há sí nínú, afẹ́fẹ́ kò kọjá nínú èédú kíkúnná yẹn rárá, gbogbo èéfín ata yí padà, ó gba àlàfo ẹ̀gbẹ́ jáde, ó sì wọ Láníhùn lójú, nímú, létí. Omi tó jáde lójú rẹ̀ tó láti fi tẹ ẹ̀bà fún ènìyàn méje.

"Láníhùn!" Ìyá Ṣíjúwadé ké láti òkè pẹ̀lú ikọ́. "Ṣé ata lò ń dín ni àbí ogun?"

"Asẹ́ ni mò ń ṣe, Màmá! Kí ẹ lè rí afẹ́fẹ́ mí!"

"Ṣé o fẹ́ pa mí kí n tó rí i mí ni?" Ó wúkọ́ tán. "O ti sẹ́ ògì rí?"

"Rárá o, Màmá."

"Mímu nìkan lo mọ̀. Gbọ́. Asẹ́ tó fẹ̀ ló ń ṣáájú, kó gba eèrí. Èyí tó tín-ín-rín ló ń tẹ̀lé e. Bí o bá fi tín-ín-rín ṣáájú, eèrí á dí i pa. Kí lo kọ́kọ́ fi síbẹ̀?"

"Èédú."

"Ó yẹ kí ata wọ̀ ọ́ lójú."

Láníhùn tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, igbá ńlá méjì ló dá lu nídìí, ó tò wọ́n síwájú akèrègbè náà. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ ló fi kún igbá kìíní, kí ó gba eérú. Ìbòmú ló tò sínú igbá kejì, nítorí pé láti Ọdún Eruku kò sí ilé tí kò ní ìbòmú tó tó láti fi kọ́ ilé mìíràn. Èédú ló wá gbẹ̀yìn nínú akèrègbè, kò sì gún un mọ́, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀gúsí, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà láàárín rẹ̀. Fáànù kúrò níwájú, ó dé ẹ̀yìn, ní ọrùn akèrègbè. Nítorí pé bí ènìyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sínú ohun tó jò, ibi tó jò ni yóò gbà sá. Ṣùgbọ́n bí ó bá fà á láti ẹ̀yìn, bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn inú eegun, ibi tó jò gan-an yóò máa fà wọlé ni. Ìda oyin ló fi lẹ oríkèé gbogbo.

Ó tún dín ata. Ó gbé ojú sọ́rùn akèrègbè, ó mí kanlẹ̀.

Kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì, ó mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní kí òun fi ẹja gbígbẹ dán an wò, òórùn ẹja náà wọlé lápá kan, ó sì jáde lápá kejì bí ẹni tí kò wá sáyé rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bu ìda oyin mìíràn, ó lẹ ọrùn akèrègbè mọ́ ẹnu páìpù, ó sì fi bo ihò Imú méjèèjì, kò ku àlàfo tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Ó tan fáànù, ó tan Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì di ojú. Èéfín rú, ó wọ inú igbá lọ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè. Imú kò sín. Imú kò sọ nǹkan kan. Láníhùn fín igbá kẹrin, ó fín ìkarùn-ún. Nígbà tó dé orí ìkẹjọ, orin ti gba ẹnu rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n.

Ìgbà tó pa fáànù láti tún ìda lẹ̀ ló gbọ́ ìwo orí òrùlé, èyí tó ń kéde ohun tí Imú bá kọ sílẹ̀, tí gbogbo ìlú sì ń gbọ́ dé Àfonífojì.

"Láníhùn, ilé kẹfà. Ilé rẹ̀ kò rùn láti òwúrọ̀. Láníhùn ti di olóògbé. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ó ṣe é bíi pé kí ó béèrè pé Láníhùn wo. Ó yíjú sí Imú. "Imú! Mi ò kú o! Èmi rèé!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Láníhùn ni!"

"Kò sí òórùn ènìyàn nílé yìí," Imú wí jẹ́jẹ́. "Kò sí òórùn oúnjẹ. Ilé tí kò rùn, ilé òkú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa rédíò yẹn."

Láníhùn dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Asẹ́ náà ti jẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá tú u kúrò lẹ́nu páìpù, Imú á gbóòórùn rẹ̀, yóò mọ̀ pé ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n èéfín igbá mẹ́fà ṣì wà nínú yàrá, yóò bá a jáde, ẹ̀ṣẹ̀ kẹta dé nìyẹn. Bí ó bá sì fi í sílẹ̀, àwọn agbókùú ti ń bọ̀, ẹrù òkú kò sì ní ibi méjì tó ń lọ ní Òkè-Ìgbá, ilé ìyọ́rin ni. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìdì irú lórí pẹpẹ. Ó nawọ́ sí i. Bí ó bá tú asẹ́, tó tú irú, Imú á gbà, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Àfi ẹni tó wà lókè.

Ó ká ọwọ́ kò.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàà. Gàníù ló wọlé, ó ká ọwọ́ lérí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Yéè! Láníhùn! Ọ̀rẹ́ tí mo ní! Igbá mélòó ló parí kó tó lọ?"

"Mẹ́sàn-án," ni Láníhùn wí.

Gàníù ké, ó fò sẹ́yìn, ó sì ṣubú lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin ni, ó ga, kò rẹ́rìn-ín, àga òkú tó ń dá rìn sì ń tọ̀ ọ́ bí ajá.

"Èmi ni Fẹ̀hìntọlá, láti Ilé-Iṣẹ́ Afẹ́fẹ́," obìnrin náà wí. "Èwo nínú yín ni òkú?"

"Èmi ni, mà, ṣùgbọ́n mi ò kú."

"Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn." Ó wo ojú rẹ̀, ó wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó wo páìpù. "Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wà lọ́rùn yín. Lésà rèé, ó ṣì gbóná. Imú kò sì gbóòórùn kankan. Irú dà?"

"Ó wà lórí pẹpẹ, mà."

Fẹ̀hìntọlá gbé e, ó yẹ òwú rẹ̀ wò títí. Gbọnin ni òwú wà bí Gàníù ṣe dì í. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́tàdínlógún, gbogbo irú tó ń bá nílé arúfin, títú ló ń bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan akèrègbè, ó kan igbá kìíní. "Kí lèyí?"

"Asẹ́ ni, mà."

"Ẹnu lásán nìyẹn. Ta ló lè jẹ́rìí pé ohun tó jáde níbí mọ́? Imú kò lè jẹ́rìí. Òkú ló kà yín sí."

Àga òkú sún mọ́ Láníhùn díẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn. Kò. Kò. Kò. Ẹkún ló ṣáájú ọ̀pá náà, ẹkún àgbà, tó ń fa gùn bí okùn kànga:

"Láníhùn o, afíngbá bí ẹni ń fi èékánná kọ̀wé, ọmọ tó ń dá mi lóhùn nínú páìpù, ta ni n ó máa pe àpẹẹrẹ fún, ta ni n ó máa bú láàárọ̀, o lọ, o kò dágbére, o fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ògiri mẹ́rin..."

Kò mí sí i láàárín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sun ún bọ̀ láti àtẹ̀gùn òkè dé ìsàlẹ̀. Gàníù ya ẹnu sílẹ̀. Fẹ̀hìntọlá gbé kálàmù, kò kọ nǹkan kan.

Ìyá Ṣíjúwadé yọ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìborùn dúdú. Ó rí Láníhùn. Ẹkún dá.

"Ṣé o ò kú ni?"

"Mi ò kú, Màmá."

"O jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn méjìdínlógún lásán? Mo ti dé orí oríkì ọmọdé rẹ, èyí tó dùn jù kò tíì dé!"

"Màmá," Fẹ̀hìntọlá wí, ó kúnlẹ̀ kí i, "ìgbà wo lẹ wúkọ́ gbẹ̀yìn?"

Arúgbó la ẹnu láti dá a lóhùn, ó sì pa á dé. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó mí sínú, ó mí síta, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. "Àná," ni ó wí. "Àná ni. Nígbà tí ọ̀dájú yìí ń dín ata."

Fẹ̀hìntọlá kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́.

"Mo ti kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ yín mọ́," ni ó wí níkẹyìn. "Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kẹta. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin: ilé alààyè gbọ́dọ̀ rùn. Bí ilé yìí kò bá rùn, Imú yóò tún pa yín lọ́la, n kò sì ní ráyè máa jí yín dìde lójoojúmọ́." Òun fúnra rẹ̀ tú òwú ìdì náà, ó bu irú díẹ̀, ó ṣí etí ìda oyin, ó fi irú náà lẹ ihò Imú lẹ́yìn asẹ́, ó sì tún ìda lẹ̀. "Láràárọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ wà."

"Ẹ ṣáà rí i," Gàníù wí. "Mo ti sọ láti àná pé irú ni."

Imú fẹ̀, ó sún kì. "Ẹ kú ilé, Láníhùn," ni ó wí tìdùnnútìdùnnú. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta."

Ìyá Ṣíjúwadé ti jókòó sórí àpótí, ó gbé igbá kan sójú. "Ẹyẹ yìí kò ní ẹsẹ̀. Ó ku mélòó?"

"Mẹ́ta, Màmá."

"Tan iná rẹ. N kò gòkè mọ́ títí yóò fi parí. Ẹsẹ̀ lo máa fi bẹ̀rẹ̀."

Láníhùn tan fáànù, ó tan Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Arúgbó sún àpótí mọ́ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná, ó ń mí bí ọmọ ọdún méje. Lókè, ìwo orí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀. Wọn kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kéde pé òkú jí. Ó gbọ̀n, ó tún gbọ̀n, ó wá fi èyí tó mọ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ìlú, dé Àfonífojì:

"Láníhùn, ilé kẹfà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ bá a yọ̀."